Ìka Mẹ́ta fún Ẹtu, Ìka Mẹ́rin fún Ìgalà

Eyín mi ló kọ́kọ́ mọ̀. Mo yà sí ilé oúnjẹ kan lẹ́bàá títì Ìsẹ́yìn, iyán ń gbóná níwájú mi, ẹran ìgalà wà nínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, mo gé ẹran jẹ, àfi gáù! Mo tu ohun tó wà lẹ́nu mi sọ́wọ́. Kì í ṣe eegun. Irin ni, kò ju èékánná ọmọdé lọ, ìdí rẹ̀ méjèèjì rí págunpàgun bíi pé ayùn ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. Bàbá kan tó jókòó sí tábìlì kejì nawọ́ gbà á, ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, ó rẹ́rìn-ín.

"Irin tí wọ́n fi ń dá kọnkéré nìyẹn. Àwọn ọdẹ ìsinsìnyí! Wọ́n á da ọta sẹ́nu ìbọn bí ẹni ń da gúgúrú sápò. Ọta òjé ẹyọ kan péré ni ìgalà, tí ọwọ́ bá mọ̀ ọ́n."

Ọdẹ ni bàbá náà, ojú tí kò ríran dáadáa mọ́ ló lé e kúrò nígbó. Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ìwọ̀n ẹ̀tù tó yẹ ẹran kọ̀ọ̀kan, nígbà tí kò sí ṣíbí, tí kò sí òṣùwọ̀n. Kò dáhùn tààrà. Ó mú igi ìgbálẹ̀ kan, ó tì í bọ inú ìgò ọtí tó ṣófo títí tó fi kanlẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ kí orí rẹ̀ lè bá ẹnu ìgò dọ́gba. Ó fa igi náà yọ, ó da gààrí díẹ̀ sínú ìgò, ó tún ti igi náà padà. Igi náà kò wọlé tán mọ́. Ó gbé ìka rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ apá tó yọ síta.

"Ìka mẹ́ta nìyí. Ẹtu. Tó bá jẹ́ ìgalà, ìka mẹ́rin. Tó bá jẹ́ ẹfọ̀n, kọ́kọ́ lọ dágbére fún ìyàwó ẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ki ìbọn ṣakabùlà. Ẹ̀tù ni yóò kọ́kọ́ wọlé, èèpo àgbọn tàbí àkísà yóò tẹ̀ lé e, ọta yóò gun orí rẹ̀, èèpo àgbọn díẹ̀ yóò tún dé e mọ́lẹ̀ kí ó má baà yí jáde nígbà tí ọdẹ bá dorí ìbọn kodò. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń gún gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun tó bá sì ṣẹ́kù lókè lára ọ̀pá ni ìka ń wọ̀n.

Mo bi bàbá pé ta ló kọ́kọ́ mú ìbọn yìí wá fún wa. Ìbéèrè yẹn ló dá ìjà sílẹ̀.

Bàbá ọdẹ ní Ògún ni. Pé kí ni Ògún kò rọ? Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó jókòó tì í, tó sì jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, gbé ọwọ́ kúrò nínú iyán. "Bàbá ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, Ògún rọ idà, ó rọ ọkọ́, ó rọ àdá. Ìbọn gba orí omi wá ni." Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn Potogí. Ó ní ní 1514, Ọba Ìbíní rán ikọ̀ lọ sí Lisbon pé kí wọ́n ta ìbọn fún òun, Ọba Manuel sì fèsì pé kí wọ́n kọ́kọ́ di Kírísítẹ́nì ná, nítorí Póòpù kò fọwọ́ sí títa ohun ìjà fún ẹni tí kì í ṣe onígbàgbọ́. "Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ìbọn ṣe le tó. Ṣé Ògún ló yẹ kí Ọba Ìbíní rán ikọ̀ sí ni, tàbí Lisbon?"

Bàbá ní ọ̀rọ̀ Ìbíní kọ́ ni a ń sọ. Tíṣà ní kò burú, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Àwọn Ìjẹ̀bú ló sún mọ́ ọ̀sà, àwọn ló ń bá ará etíkun ṣòwò, wọ́n ń gba ìbọn àti ẹ̀tù, wọ́n ń fi ẹrú san án. Bí ogun Òwu ṣe bẹ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún lórí ọ̀rọ̀ ọjà Àpòmù, ìbọn ti wà lọ́wọ́ Ìjẹ̀bú tó ń bá Òwu jà.

Kò mọ̀ pé ọmọ Òwu ni bàbá.

"Ẹ gbọ́ ohun tí tíṣà ń fi yangàn! Ọmọkùnrin mú idà, ó ń bọ̀ wá bá ọ lójúkojú, ìwọ dúró lókèèrè, o fi iná àti èéfín bá a jà, o wá ń pè é ní akin." Ó yíjú sí mi. "Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pé Òwu kò sá." Tíṣà ní ẹnikẹ́ni kò sọ pé Òwu sá, pé Samuel Johnson fúnra rẹ̀, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ló kọ ọ́ pé ìbọn ni Ìjẹ̀bú fi borí. Bàbá ní ṣé Johnson wà níbẹ̀? Tíṣà ní kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó bi àwọn tó wà níbẹ̀. Bàbá ní àwọn tó wà níbẹ̀ nílé tiwọn náà sọ ti ẹnu wọn. Ọmọ ìyá olóńjẹ wá dá sí i láti ìdí fóònù rẹ̀: ó ní íntánẹ́ẹ̀tì sọ pé ti àwọn ará Denmark ni, pé ìdí nìyẹn tí òyìnbó fi ń pè é ní Dane gun. Àwọn àgbà méjèèjì para pọ̀ lé e dà nù.

Ọmọ náà kò ṣìnà tán. Òótọ́ ni pé àwọn ará Denmark ní odi Christiansborg ní Accra, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣòwò kí wọ́n tó tà á fún Gẹ̀ẹ́sì ní 1850. Ṣùgbọ́n àwọn alágbẹ̀dẹ Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Liège ní Belgium ló rọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìbọn tó wọ ilẹ̀ wa. Òkúta ìṣáná tó ń tàn án pàápàá, ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Brandon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Wọ́n ṣì ń gé e níbẹ̀ fún ọjà Áfíríkà nígbà tí àwọn ọmọ ogun òyìnbó fúnra wọn ti gbàgbé rẹ̀.

Ní tèmi o, ìjà wọn dùn, ṣùgbọ́n kò kan ìdí tí ọdẹ fi ń ki ìbọn lẹ́nu títí dòní. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó ti fi ìbọn tí wọ́n ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sójú ogun Kírìjì tí àwọn ará ilé wọn ń bá Ìbàdàn jà. A ti rí èyí tó dára ju ṣakabùlà lọ, a sì ti fi jà. Brussels ni wọ́n ti tilẹ̀kùn. Ní oṣù Keje ọdún 1890, àwọn ìjọba òyìnbó fọwọ́ sí ìwé níbẹ̀. Ìwé tó gbógun ti òwò ẹrú ni wọ́n pè é, ọ̀rọ̀ ìbọn sì wà nínú rẹ̀: ní gbogbo Áfíríkà láti ìwọ̀n ogún lápá àríwá dé ìwọ̀n méjìlélógún lápá gúúsù, ìbọn ìgbàlódé kò gbọdọ̀ dọ́wọ́ aráàlú. Èwo ni wọ́n yọ̀ǹda? Ìbọn olókùúta tí inú ihò rẹ̀ ń dán láìní ìlà, àti ẹ̀tù ọjà lásán. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ogun Kírìjì tú ká, Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀, ìbọn tó kù lọ́wọ́ ọdẹ sì ni èyí tí wọn kò bẹ̀rù. Òfin ohun ìjà ti 1959 tí a ń lò títí dòní tún ya irú ìbọn bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ sí ìpín tirẹ̀.

Ibí ni mo ti lóye ìka bàbá. Ẹ̀tù dúdú kò ju nǹkan mẹ́ta lọ: iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní saltpetre, èédú, àti imí-ọjọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ilé iṣẹ́ a máa fi márùndínlọ́gọ́rin fún iyọ̀ náà, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún èédú, mẹ́wàá fún imí-ọjọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó le ju pípò lọ ni bí hóró rẹ̀ ṣe tóbi tó. Hóró ńlá a máa jó díẹ̀díẹ̀, a sì rọra ti ọta jáde. Hóró kíkúnná a jó lẹ́ẹ̀kan náà, agbára rẹ̀ a sì kó sí ìdí ìbọn. Ẹ̀tù méjèèjì lè kún ìka mẹ́ta bákan náà, kí èyí àkọ́kọ́ pa ẹtu, kí èkejì fa ìbọn ya mọ́ ọdẹ lójú. Nígbà tí ẹ̀tù ń ti ilé iṣẹ́ wá nínú àgbá, tí ìbọn náà sì ń ti Birmingham wá, bàbá lè kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìka mẹ́ta kí ọmọ náà sì fi darúgbó. Ọta òjé kan, kí ó jókòó dáadáa lórí ẹ̀tù láìsí àlàfo, kí ọdẹ sì sún mọ́ ẹran tó ìṣísẹ̀ ogójì tàbí àádọ́ta, nítorí ihò tí kò ní ìlà kì í rán ọta lọ tààrà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn náà ni wọ́n fi ń pe ọdẹ ní ọdẹ: sísún mọ́ ẹran.

Nísinsìnyí, páìpù ni ìbọn. Irin sitiárìn mọ́tò ni. Ẹ̀tù wà nínú ọ̀rá, ẹni tó pò ó kò sí lórí ọ̀rá. Ìwọ̀n ìka kò yí padà, gbogbo ohun tó ń wọ̀n ló ti yí. Ọdẹ tí kò mọ ibi tí ọta kan yóò balẹ̀ sí wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki ogún, ó ń fi ẹ̀tù kún un kí wọ́n lè dé ara ẹran.

Mo bi wọ́n léèrè ìgbà tí irin kọnkéré rọ́pò òjé. Tíṣà ní ẹ̀yìn ogun Biafra ni, pé òjé wọ́n. Bàbá ní irọ́ ni, pé òun ṣì ń yọ́ òjé bátìrì mọ́tò lẹ́yìn ìgbà náà. Wẹ́dà tó wà ní òdìkejì títì, tí wọ́n ní ó máa ń bá ọdẹ tún ìbọn ṣe, ní ọ̀gá òun ló kọ́kọ́ ṣe é, pé irin róbótó inú àgbá kẹ̀kẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Mo bi í pé ìka mélòó ni páìpù tirẹ̀ lè gbà. Ó wo ọwọ́ mi tí mo nà sí i, ó ní òun kò mọ ìka, pé kí n lọ bi ẹni tó ń ta ẹ̀tù. Ẹni tó ń ta ẹ̀tù lẹ́yìn ọjà kò jẹ́ kí n ya fọ́tò, kò sọ ibi tó ti ń rà á. Ó kàn ní oríṣi méjì ló wà, pé èyí tó kúnná ló ń yá jù lọ́jà.