Ẹni Tó Gba Kọ́kọ́rọ́ Ìsọ̀ Ló Gba Ìwé Gbèsè



Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan ní Agége, bí a ti kírun tán ni àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín oníṣòwò méjì lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ọ̀kan ní gbèsè ìjọba àná ló sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Èkejì ní ìjọba tó wà lórí oyè ni.

Mo rántí ọ̀rọ̀ ara mi. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú, èmi ni mo gba ìsọ̀ rẹ̀, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Ìkẹjà ti ń rajà. Nígbà tí àwọn olówó dé, mo ní, “Òkú ló jẹ yín, kì í ṣe èmi.” Lèmọ́mù wa pè mí, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé òkú náà ló ń ta ọjà inú ìsọ̀ ni?” Ojú tì mí. Ìlànà ẹ̀sìn wa ni pé kí a san gbèsè òkú nínú ohun tó fi sílẹ̀ kí a tó pín ogún.

Ẹjọ́ ìjọba kò yàtọ̀, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1962, nígbà tí Ìkẹjà àti Agége ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ìgbìmọ̀ Adájọ́ Coker wádìí owó àwọn àjọ ìjọba náà. Ó di ẹ̀bi ru Olóyè Awólọ́wọ̀, tó ti fi ipò Olórí Ìjọba sílẹ̀ ní 1959, ó sì dá Olóyè Akíntọ́lá tó rọ́pò rẹ̀ láre. Àwọn àgbà kò tíì yé jiyàn lé e.

Ní 2015, Ààrẹ Buhari ní àpótí ìjọba tí òun bá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Nígbà tí òun náà ń lọ ní 2023, Ilé Aṣòfin fọwọ́ sí i pé kí owó ₦22.7 tírílíọ̀nù tí ìjọba rẹ̀ gbà lọ́wọ́ Báǹkì Àpapọ̀ di gbèsè ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ìjọba Ààrẹ Tinúbú náà ráhùn nípa ohun tó bá nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà ni wọ́n! Gbèsè orílẹ̀-èdè tó jẹ́ ₦87.38 tírílíọ̀nù ní oṣù Kẹfà 2023 di ₦144.67 tírílíọ̀nù nígbà tí 2024 parí. Ìyáwó tuntun wà nínú rẹ̀. Ìjábọ́ náírà náà wà níbẹ̀, nítorí dọ́là ni a fi jẹ apá kan rẹ̀.

N kò ní kí a má dárúkọ ẹni tó jẹ gbèsè. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run pàṣẹ nínú Súrà Bákárà pé kí a kọ gbèsè sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì wà. Kí ẹni tó ń di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn ṣí ìwé rẹ̀ fún wa: èló ló bá, èló ló san, èló ló tún yá, kí ló sì fi ṣe? Ẹ̀bi kì í san gbèsè.

Èmi san gbèsè ẹ̀gbọ́n mi díẹ̀díẹ̀ nínú ọjà rẹ̀, títí àwọn olówó fi ya ìwé náà níṣojú mi. Ẹ jẹ́ kí a béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí gbèsè ẹlòmíràn di àjàgà ọrùn àwọn ọmọ wa. Àmín.