Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Yín Dé Ilé Amọ̀kòkò

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí dà bí ọ̀rọ̀ eré, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ohun tí àwa ọmọ Festac máa ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n ní kékeré wa ni.

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ń ṣí ní agogo mẹ́rin

Nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú tí a ṣe ní Èkó, láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, ni ìjọba ṣe kọ́ Festac Town. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, wọ́n ṣẹ́ kèké lórí àwọn ilé náà. Bí ọ̀pọ̀ òbí wa ṣe di ará Avenue kan tàbí Close kan nìyẹn.

Ní àwọn ọdún 1980, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni tẹlifíṣọ̀n ń ṣí lọ́jọ́ iṣẹ́. Kí agogo tó lù, a ó ti jókòó síwájú àwọn ìlà aláwọ̀ mèremère, a ó máa dúró de orin orílẹ̀-èdè. Ilé tí ó bá ní tẹlifíṣọ̀n, ilé gbogbo ọmọ Close ni.

Nínú ètò Sesame Street, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1969 tí ó sì dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn náà, àwọn fíìmù kúkúrú kan wà tí ń mú ọmọdé wọ ilé iṣẹ́ lọ. Ti kréyọ̀nù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè gbàgbé. Wọn á da ìda gbígbóná tí a ti pò mọ́ àwọ̀ sínú ihò kéékèèké, yóò tutù, yóò le, wọn á yọ ọ́, ẹ̀rọ á wé bébà mọ́ ọn lára, wọn á sì tò ó sínú páálí. Ẹnu wa á là sílẹ̀. Nígbà mìíràn, iná á lọ kí kréyọ̀nù tó wọ páálí, ariwo "Háà!" á sì gba gbogbo àdúgbò kan.

Ohun tí a kò rí

Ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa. Ọ̀nà Badagry kọjá lẹ́bàá Festac. Ní ojú ọ̀nà kan náà, ní ìhà Ọ̀jọ́, ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà wà, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní ọdún 1975. Níbẹ̀ ni wọ́n ti to ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjàpá àti Igala tí a rí ní títì. A mọ bí wọ́n ti ń ṣe kréyọ̀nù ní òkè òkun, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa kò mọ bí wọ́n ti ń to ọkọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa. Kí ọ̀rúndún tó kọjá tó parí, iṣẹ́ ti dáwọ́ dúró níbẹ̀, ó sì tó ọdún gbọọrọ kí wọ́n tó tún to ọkọ̀ níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni gàárì. A ń fi omi tútù mu ún, a kò mọ̀ pé ẹnìkan bó ẹ̀gẹ́, ó rin ín, ó dì í sínú àpò, ó gbé òkúta lé e títí omi rẹ̀ fi ro tán, ó fi asẹ́ sẹ́ ẹ, kí ó tó jókòó ti iná àti èéfín láti yan án.

Ọmọ tí kò mọ bí nǹkan ti ń di nǹkan, ó rọrùn láti tàn jẹ. Bí ó bá rò pé inú ọ̀rá ni búrẹ́dì ti ń wá, kì í pẹ́ kí ó tó rò pé inú fóònù ni owó ti ń wá. Ẹ wo iye ọ̀dọ́ tí Yahoo ti gbé lọ, ẹ wo iye ìyá tí ń fi omijé gbààwẹ̀ lórí ọmọ tí kò fẹ́ fi ọwọ́ kan iṣẹ́. Àwọn àgbà wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ọlọ́run ní kí wòlíì lọ wò ó

Nínú Jeremáyà 18:1–4, Ọlọ́run lè bá wòlíì sọ̀rọ̀ níbi tí ó wà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rán an lọ sí ilé amọ̀kòkò, níbẹ̀ ni yóò ti gbọ́ ọ̀rọ̀. Jeremáyà rí bí ìkòkò ti bàjẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó sì rí i pé kò da amọ̀ náà nù. Òmíràn ni ó fi mọ. Ojú ni ó kọ́kọ́ fi gba ìwàásù náà kí etí rẹ̀ tó gbọ́ ọ. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ẹ tún wo Eksodu 31. Ọlọ́run fi Ẹ̀mí rẹ̀ kún Besaleli fún iṣẹ́ wúrà, iṣẹ́ igi àti iṣẹ́ òkúta. Ta ni yóò wá sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ iṣẹ́ ẹni tí ìwé kò yé?

Kí ni kí a ṣe?

Lónìí, fóònù lè fi ohun gbogbo han ọmọ. Láti ọdún 2001 ni àwọn ará Kánádà ti gbé ètò How It's Made jáde, tí ń fi oríṣìíríṣìí ilé iṣẹ́ hàn. Ó dára kí ọmọ wò ó. Ṣùgbọ́n ooru iná kò lè ti inú fóònù jáde, òórùn búrẹ́dì kò sì lè ti ibẹ̀ jáde. Nítorí náà, ẹ gba àyè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni iṣẹ́, kí ẹ sì mú ọmọ yín lọ.

Ẹ mú wọn dé ilé búrẹ́dì, kí wọ́n rí bí ìwúkàrà díẹ̀ ti ń mú ìyẹ̀fun púpọ̀ wú. Òwe Jésù nínú Mátíù 13:33 yóò yé wọn láìpẹ́. Ẹ mú wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe búlọ́ọ̀kù, kí wọ́n rí i pé ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi ń bu omi rin ín kí ó tó le. Èyí tí a bá kánjú gbé, yóò fọ́. Àwọn télọ̀ àti káfíńtà wà nínú ìjọ wa. Kí olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ wọn.

Nígbà tí ẹ bá sì ń dúpẹ́ lórí oúnjẹ nílé, ẹ bi ọmọ yín pé: Ta ni ó ṣe èyí? Kí ni ó fi ṣe é? Báwo ni ó ti pẹ́ tó? Lẹ́yìn náà, kí ó gbàdúrà fún ọwọ́ tí ó ṣe é.

Kí Olúwa, Amọ̀kòkò wa, má ṣe jẹ́ kí ọmọ wa kankan bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Kí ó bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ní orúkọ Jésù. Àmín.