Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìdámọ̀ Owó Fàdákà Róòmù Ìgbà Ìkẹyìn

Ẹni tí ó bá fẹ́ dá owó fàdákà Róòmù ìgbà ìkẹyìn mọ̀ ní láti ka ohun tí ó wà lára rẹ̀ kí ó tó gbé e lé òṣùwọ̀n. Bí a bá ń pe gbogbo ohun wọ̀nyí ní "àmì" nìkan, akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa fi ọ̀kan pe èkejì. Nítorí náà ni a ṣe dábàá ọ̀rọ̀-ìperí mẹ́rin.

Èkíní ni àkọlé-àyíká: ìwé tí ó yí orí ọba ká ní iwájú owó. Ní ọ̀rúndún kẹrin, DN, tí ó túmọ̀ sí "Olúwa wa", ni ó sábà máa ń ṣáájú orúkọ ọba. AVG, oyè ọba-ńlá, ni ó sì máa ń kẹ́yìn.

Èkejì ni àmì-ilé-ìrọwó, tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn owó. Nínú TRPS, TR tọ́ka sí Trier, ní Jámánì òní. PS jẹ́rìí pé a ti fi iná yọ́ fàdákà náà mọ́.

Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin jọ jẹ́ iye, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Òmíràn nínú owó tí Diocletian gbé jáde ní nǹkan bí ọdún 294 ní XCVI lẹ́yìn, èyí ni 96: 96 irú rẹ̀ ni a ó rọ láti inú ìwọ̀n pọ́n-ùn Róòmù kan. Èyí ni iye-ìwọ̀n. Lára owó ìgbà tí ó tẹ̀lé e ni a ti ń ka VOT X MVLT XX: a ti san ẹ̀jẹ́ ọdún 10, a sì tún jẹ́ ti 20. Èyí ni iye-ẹ̀jẹ́. Kò sọ bí owó ti wúwo tó.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe kókó, nítorí ìwọ̀n lè tan ni jẹ. Owó tí àwọn onímọ̀ òde òní ń pè ní siliqua wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 2 ní apá ìparí ọ̀rúndún kẹrin. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, àwọn ènìyàn a máa rẹ́ etí rẹ̀ láti kó fàdákà jọ. Nínú owó fàdákà tí ó lé ní 14,000 tí a wú ní Hoxne ní ọdún 1992, èyí tí ó pọ̀ jù ni a ti rẹ́ létí. Orí ọba ni wọn kò fọwọ́ kàn. Lára irú owó bẹ́ẹ̀, àkọlé-àyíká a dínkù, àmì-ilé-ìrọwó náà sì lè lọ pátápátá. Iye-ẹ̀jẹ́ tí ó wà láàárín adé ewé ni ó ṣeé ṣe kí ó ṣẹ́ kù. Bí a bá wá pe iye náà ní ìwọ̀n, ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ó kù ni a ti sọ di irọ́ yẹn.