Ẹ Gbin Dóńgóyárò fún Ibòòji Ilé Yín

Ẹ̀yin ìyá ọmọ àti gbogbo ará ilé, ní oṣù kejì sí ìkẹta ọdún, tí oòrùn bá ń ta mọ́ páànù ilé wa ní Ìwàràjà, inú yàrá a máa gbóná bí ààrò. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni ooru yìí ń fìyà jẹ jù lọ. Ara wọn a máa sú, oorun wọn kì í já geere, omi ara wọn a sì máa gbẹ. Ọ̀nà kan tí kò gba owó púpọ̀ láti dín ooru kù ni kí a gbin igi tí yóò ṣíji bo ilé. Dóńgóyárò yẹ fún iṣẹ́ yìí.

Ní ọdún 1928 ni a mú igi náà wọ ilẹ̀ Bọ́nú. Lónìí, ó ń ṣíji bo títì àti àgbàlá ní Kánò, Sókótó àti Màídúgùrì, níbi tí oòrùn ti mú, tí òjò kò sì pọ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ a máa wọlẹ̀ jìnnà lọ wá omi, nítorí náà ni ewé rẹ̀ fi ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà ọyẹ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ igi mìíràn ti wọ́wé. Òdòdó rẹ̀ funfun, ó wẹ́, a sì máa ta sánsán bí oyin.

BÍ A Ó ṢE GBÌN ÍN

Ẹ ṣa èso tí ó ti pọ́n. Ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ fọ kóró náà mọ́, kí ẹ sì gbìn ín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí kì í pẹ́ kú. Ẹ lè kọ́kọ́ gbìn ín sínú ọ̀rá tí ẹ rọ iyẹ̀pẹ̀ sí, tí ẹ sì lu nídìí. Bí ó bá ga ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, tí òjò sì ti fìdí múlẹ̀, ẹ tú u lọ síbi tí yóò dúró sí.

Ìhà ìwọ̀-oòrùn ilé ni ó dára jù, nítorí láti ibẹ̀ ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń ta mọ́ ògiri. Ṣùgbọ́n igi gànràngànràn má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: ẹ fi tó ogún ẹsẹ̀ bàtà sílẹ̀ láàárín igi àti ògiri, kànga tàbí ṣáláńgá. Ẹ ṣe ọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́. Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, ẹ máa da omi tí ẹ fi ṣan ẹ̀fọ́ àti ìrẹsì sí i nídìí.

Yóò tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ibòòji rẹ̀ tó gbòòrò. Kí ó tó dìgbà náà, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ bọ́ aṣọ tí ó nípọn lára ọmọ, kí ẹ sì máa fún un lọ́mú lemọ́lemọ́.

ÌKÌLỌ̀ PÀTÀKÌ

Ibòòji ni kí a gbà lọ́wọ́ igi yìí, kì í ṣe oògùn ọmọ. Òróró inú kóró rẹ̀ ti fa gìrì, dákú àti ikú fún àwọn ọmọ ọwọ́ tí a fún mu ní ilẹ̀ Íńdíà àti Màléṣíà. Ẹ má ṣe fún ọmọdé ní òróró náà tàbí àgbo ewé rẹ̀. Aláboyún pẹ̀lú kò gbọ́dọ̀ mu ún, nítorí ó lè ba oyún jẹ́. Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Igi yìí kò sì lè rọ́pò àpò ẹ̀fọn olóògùn. Inú rẹ̀ ni kí ọmọ máa sùn lóru.

Ìlera ni ọrọ̀. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, ẹ gbin tiyín.