Ráàpù àwọn ọmọ wa: ká má kàn ní ariwo ni

Bí àwa ọmọ Yorùbá bá péjọ níhìn-ín, ẹjọ́ hip hop kì í gbẹ́yìn. Àwọn àgbà á ní ariwo lásán ni, wọ́n á ní orin ọmọ ìta ni. Ká tó dá a lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tó ti ṣẹ̀.

Àdúgbò Bronx, nílùú New York, l'Amẹ́ríkà, ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ti la títì márosẹ̀ gba àárín ibẹ̀ kọjá, wọ́n wó ilé onílé, iṣẹ́ sì wọ́n. Lọ́jọ́ 11, oṣù kẹjọ, ọdún 1973, ọmọbìnrin kan, Cindy Campbell, ṣe àríyá nílé tí wọ́n ń gbé, kó lè fowó ẹ̀ ra aṣọ iléèwé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Kool Herc, ló fi orin dá wọn lára yá. Ó rí i pé ibi tí orin bá ti ku ìlù nìkan làwọn èèyàn ti ń jó jù. Ló bá fi rẹ́kọ́ọ̀dù kan náà sórí ẹ̀rọ méjì. Bí ìlù bá tán lórí èkíní, á bọ́ sí èkejì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Coke La Rock, sì ń ki àwọn tó wà lójú agbo.

Ẹ gbọ́ o, àlejò ni Kool Herc náà níbẹ̀. Jàmáíkà ni wọ́n ti bí i, ọdún 1967 ló dé Bronx. Àwọn tí ẹnikẹ́ni ò kà sí ló fi orin yìí sọ̀rọ̀ ara wọn.

Nígbà tó dé Nàìjíríà, Gẹ̀ẹ́sì bíi ti Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ fi ń ráàpù. Àwọn bíi Lord of Ajasa ló mú Yorùbá wọ̀ ọ́. Lọ́dún 2009, Dagrin gbé àwo C.E.O jáde, Yorùbá ìgboro ló fi sọ ìyà ojú títì. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló pa á lóṣù kẹrin, ọdún 2010. Lọ́dún 2011, Olamide gbé àwo Rapsodi tiẹ̀ jáde, ó sì ń bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ kàn wá gan-an. Ọmọ tá a bí sí Kaduna tàbí Jos, Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu jù. Bá a bá bi í ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kan náà á ka ráàpù Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìṣì í! Èdè tá à ń wá kiri ti wà lẹ́nu ẹ̀, ìtumọ̀ ni ò mọ̀.

Lóòótọ́, èébú àti ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí wà nínú àwọn míì, kò sì yẹ ká gbà á láyè. Ṣùgbọ́n bá a bá pa rédíò, ẹ̀yìn wa ni wọ́n á ti gbọ́ ọ. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ bi wọ́n ní ìtumọ̀, ẹ tún òwe tó wọ́ ṣe fún wọn. Bí ọjọ́ ọdún ẹgbẹ́ wa bá sì pé, ẹ fún wọn láyè kí wọ́n fi Yorùbá ráàpù lójú wa. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.