Ọ̀nà Tó Ń Gbé Tíṣà Dé Kíláàsì

Ìwé ẹ̀rí Grade Two ló sọ ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá wa di tíṣà. Ṣùgbọ́n kíkọ́ àwọn olùkọ́ ti pẹ́ nílẹ̀ wa: ọdún 1896 ni àwọn míṣọ́nárì CMS gbé ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ kúrò ní Èkó lọ sí Ọ̀yọ́; òun ló di St. Andrew's College.

Lónìí, NCE ni ìwé ẹ̀rí tó kéré jù tí ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí fún olùkọ́. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń kà á. Ẹni tó gboyè nínú kẹ́mísírì ńkọ́? Ó mọ kẹ́mísírì, ṣùgbọ́n kò tíì kọ́ bí a ṣe ń kọ́ni. PGDE, ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni fún ẹni tó ti gboyè tẹ́lẹ̀, ni tirẹ̀.

Ìfidánrawò ìkọ́ni, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní T.P., ló jẹ mí lógún jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ á dúró níwájú ọmọ, alábòójútó á jókòó sẹ́yìn kíláàsì, á máa wò ó. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gé àkókò yìí kúrú rárá: ibẹ̀ ni olùkọ́ ti ń dá ọmọ tó dákẹ́ nítorí pé ẹ̀kọ́ kò yé e mọ̀.

Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó ku ìdánwò TRCN, àjọ tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀ láti máa forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀, tí ó sì ń fún wọn ní láísẹ́ǹsì.