Fáàfù Nọ́súlù Tó Ń Ta Padà: Olè Tó Ń Jí Epo Katakata

Ọ̀rọ̀ wa ti òní dá lórí katakata àti ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lo epo dísẹ̀lì. Ohun tí a fẹ́ sọ kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ń jẹ owó ẹgbẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ikán ti ń jẹ igi.

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ń fẹ́ kí katakata tètè ro oko tòun. Bí katakata bá wá ń tú èéfín dúdú, tí epo tó yẹ kó ro oko mẹ́ta kò ro ju méjì lọ, ìjà dé nìyẹn. A ó ní awakọ̀ ló ń jí epo tà. Kí ẹ tó lé awakọ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ yẹ nọ́súlù wò. Ó lè jẹ́ òun gan-an ni olè náà.

Nọ́súlù ni ó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì bí ìkùukùu. Nínú katakata àtijọ́, agbára epo tí pọ́ǹpù ń tì wá ló ń ṣí i. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ katakata àti ọkọ̀ ìgbàlódé, iná mànàmáná ló ń pàṣẹ fún un. Ilé-iṣẹ́ Bosch ti ilẹ̀ Jámánì gbé irú èyí jáde fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ọdún 1997. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: wáyà tí a wé wà nínú rẹ̀. Bí iná bá wọ wáyà yìí, yóò di òòfà, yóò fa fáàfù kékeré kan sókè, nọ́súlù yóò sì ṣí. Bí iná bá kúrò, sípíríǹgì yóò ti fáàfù náà padà sí ìjókòó rẹ̀, epo yóò sì dá.

Iṣẹ́ yìí yá púpọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, nọ́súlù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fọ́n epo ní ìgbà 1,000, ó kéré tán. Ìyẹn ju ìgbà 16 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Agbára epo inú rẹ̀ sì lè ju ìlọ́po 500 agbára afẹ́fẹ́ inú táyà mọ́tò lọ.

Níbo wá ni wàhálà wà? Ẹ wo ilẹ̀kùn. Bí ọmọdé bá gbá ilẹ̀kùn pa tagbáratagbára, yóò lu férémù, yóò ta padà, yóò tún ṣí díẹ̀ kí ó tó dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni fáàfù yìí. Bí ó bá fi agbára lu ìjókòó rẹ̀, yóò ta padà. Nọ́súlù kò ní pa ní àkókò tó yẹ, epo tí ẹnikẹ́ni kò pè yóò sì wọlé. Epo tó pẹ́ dé kì í jó tán. Òun ló ń di èéfín dúdú, tó ń lẹ̀ mọ́ inú ẹ́ńjìnnì bí dúdú ìdí ìkòkò. Òmíràn lè ṣàn bọ́ sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kí ó sì bà á jẹ́.

Àwọn tó ń ṣe nọ́súlù mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i. Wọ́n ń jẹ́ kí irin tó ń lọ sókè sódò fúyẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ pín in sí méjì, kí gbogbo ìwúwo rẹ̀ má baà lu ìjókòó lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń dín ibi tí fáàfù ń rìn dé kù, nítorí ilẹ̀kùn tí a kò ṣí tán kì í lu férémù púpọ̀. Wọ́n ń fi epo fúnra rẹ̀ ṣe tìmùtìmù: irin náà gbọ́dọ̀ fún epo díẹ̀ jáde lábẹ́ ara rẹ̀ kí ó tó balẹ̀. Nínú irú mìíràn, bí fáàfù bá kù díẹ̀ kó balẹ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ a tún fún òòfà ní iná díẹ̀, bí ẹni tó fi ọwọ́ di ilẹ̀kùn mú kí ó lè rọra pa.

Ẹ fi ojú sí ti sípíríǹgì dáadáa. Èyí tó bá le jù yóò tètè pa fáàfù, ṣùgbọ́n fáàfù yóò ta padà gan-an. Èyí tó bá rọ̀ jù kò ní jẹ́ kó ta, ṣùgbọ́n yóò pẹ́ kó tó pa. Ilé-iṣẹ́ ti wọn ìwọ̀n tó bá a mu. Nítorí náà, ẹ má gbà fún mẹkáníìkì tó bá ní òun yóò fi wásà kún un kí ó lè le sí i. Ibi tí ẹ̀rọ ìdánwò nọ́súlù wà ni kí ẹ gbé e lọ.

Tiyín ni láti má ṣe jẹ́ kí iyanrìn àti omi ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Iyanrìn a máa jẹ ìjókòó fáàfù. Omi a máa mú irin dógùn-ún. Àlàfo inú nọ́súlù kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìbú irun orí, nítorí náà aṣọ tí ẹ fi ń sẹ́ epo kò lè mú ìyẹ̀pẹ̀ tó lè bà á jẹ́.

Ẹ rántí nǹkan wọ̀nyí:

1. Ẹ jẹ́ kí epo inú dúrọ́ọ̀mù sinmi di ọjọ́ kejì kí ẹ tó fà á. Ẹ má fa ti ìsàlẹ̀ pátápátá.
2. Ẹ máa tú omi ìdí asẹ́ epo dànù ní àràárọ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ asẹ́ náà ní àkókò tí ìwé katakata sọ.
3. Ẹ rọ epo kún tánkì ní ìrọ̀lẹ́, kí ìrì má baà sẹ̀ sínú rẹ̀ lóru.
4. Bí èéfín dúdú bá ń jáde, ẹ kọ́kọ́ yẹ asẹ́ afẹ́fẹ́ wò. Bí ó bá dí, òun náà lè fa èéfín, kò sì wọ́n bíi nọ́súlù.
5. Bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bá ń pọ̀ sí i, tó sì ń rùn bí dísẹ̀lì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.
6. Ẹ má tú páìpù nọ́súlù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ má sì fi ọwọ́ wá ibi tí epo ti ń jò. Epo náà lè gún awọ ara wọlé bí abẹ́rẹ́. Bí ó bá gún ẹnikẹ́ni, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, bí ojú egbò náà tilẹ̀ kéré.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa kọ iye epo tí a rọ àti iye oko tí a ro sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ìwé yẹn ni yóò sọ fún yín ìgbà tí nọ́súlù bẹ̀rẹ̀ sí í jalè, kò sì ní jẹ́ kí ẹ fi ẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀.

Ire oko yóò tẹ̀ wá lọ́wọ́ o.